Túbà tàbí ìmòòkùn, Dakar tàbí Zanzibar: ìfiwéra fún ará Àjàṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjọ́ kan wo abẹ́ òkun

Nínú gbogbo owó tí ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa ná kó tó rí ẹja aláràbarà láàárín iyùn òkun (corail), ti ọkọ̀ òfuurufú ló pọ̀ jù. Òkun fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kó àlejò wọ omi, ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú másíkì, túbà (ọ̀pá tí a fi ń mí lójú omi) àti lẹbẹ ẹsẹ̀ sábà máa ń gba euro 25 sí 50 lọ́wọ́ ẹnì kan, ìyẹn nǹkan bí 16,000 sí 33,000 sẹ́fà. Ìmòòkùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú olùkọ́ a máa wà láàárín euro 50 sí 100. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láti Kútọnu máa ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ibi yòówù kí ẹ gbà. Síbẹ̀, fọ́tò tí ẹnìkan fi sórí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yan ibi, ká tó wá bi ara wa bóyá etí wa gba omi. Ẹ jẹ́ ká dà á kọ: ẹ kọ́kọ́ yan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe nínú omi, kí ibi tí ẹ máa lọ tẹ̀lé e.

Ohun tí mo fi wọn ibi kọ̀ọ̀kan nìyí: owó lápapọ̀, kì í ṣe owó omi nìkan, ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ Benin, ìgbà tí omi mọ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ọdún, èdè tí olùkọ́ á fi bá yín sọ̀rọ̀, àti bóyá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lè gbádùn rẹ̀. Ti èdè yẹn, àwọn èèyàn kì í kà á sí. Lábẹ́ omi kò sí ẹnu. Gbogbo ohun tí ẹ nílò ni wọ́n ti sọ fún yín lórí ọkọ̀, bí kò bá sì yé yín níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ló kù tí ẹ ó fi béèrè. Ọwọ́ náà lófin tirẹ̀: àtàǹpàkò tí a nà sókè, tó jẹ́ "ó dáa" láàárín àwọn oní-zémíjàn, "ẹ jẹ́ ká gòkè" ló jẹ́ fún àwọn òmòòkùn. Ẹni tó ń fi ayọ̀ nà án sókè lábẹ́ omi, wọ́n á kàn fà á padà sókè ni.

Ti ilé ná

Àwọn kan á ní: àwa tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé wa, tí òkun kò sì jìnnà, kí ni a ń wá kiri? Etíkun Benin gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 121, láti Hillacondji títí dé Kraké, ṣùgbọ́n yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Ìgbì ń fọ́ mọ́ etí ilẹ̀ pẹ̀lú agbára, omi tó ń padà sẹ́yìn a sì máa wọ́ èèyàn lọ sí àárín. Yanrìn tí ìgbì ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kì í jẹ́ kí omi mọ́. Ẹni tó bá wọ másíkì níbẹ̀ kò ní rí ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó bá ti dúró ní etíkun Sèmè lóṣù Keje mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀sà wa ńkọ́? Ó ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ rú, àwọn apẹja sì ti ri igi akája mọ́lẹ̀ káàkiri, igi tí kì í hàn títí ẹsẹ̀ yóò fi kàn án. Níbi tí omi náà kò bá níyọ̀, àtọ̀sí ajá (bilharziose) lè wà níbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Aguégués tàbí Ganvié, ẹ jókòó, ẹ wòran, ẹ ra ẹja yíyan, ẹ padà. Lomé àti Accra kò sì yàtọ̀ sí tiwa: òkun kan náà ni, ìgbì kan náà, omi tútù a tún máa rú wá sókè láti ìsàlẹ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tí ilé wúlò fún ni písìnì. Ẹ san owó ìwọlé ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu, ẹ mú másíkì àti túbà dání, ẹ dojú bolẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi ẹnu nìkan mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àyà yín bá ń já tí ẹ fi ń gbé orí sókè ṣáá, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n ní ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú láti léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdi ohunkóhun mú, kí ẹ sì wẹ̀ tó mítà 200 láìdúró, bó ti wù kó lọ́ra tó. Méjèèjì wà lára ohun tí ilé ẹ̀kọ́ PADI, àjọ àgbáyé tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, máa ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá lè ṣe é, òkun ti ṣí fún un. Ẹni tí kò lè ṣe é, túbà pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó ni tirẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ojú ti òun.

Túbà, ìmòòkùn ọjọ́ kan, tàbí ìwé ẹ̀rí

Túbà lowó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni mo sì rò pé ó tọ́ sí ọ̀pọ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn á léfòó, ojú á wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn á wà lókè, ọ̀pá kékeré á máa gbé atẹ́gùn wá sí ẹnu. Níbi tí òkìtì iyùn bá wà ní mítà méjì tàbí mẹ́ta sí ojú omi, ẹni tó ń lo túbà lè rí ẹja ju ẹni tó mòòkùn lọ, torí pé oòrùn ló ń tàn án, àwọ̀ pupa kì í sì í tètè kú níbi tí omi kò jìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é, ìyá àgbà lè ṣe é. Aboyún náà lè ṣe é bí omi bá parọ́rọ́ tí dókítà rẹ̀ kò sì kọ̀, bẹ́ẹ̀ ìmòòkùn kò tọ́ sí aboyún rárá. Ewu túbà ni àárẹ̀, ìṣàn omi, àti ọkọ̀ tó ń kọjá. Ẹ̀yìn tún ń jó: dúdú wa kò ní kí oòrùn má jó wa, ẹ wọ ẹ̀wù sí i. Ẹ má ra másíkì tó bo gbogbo ojú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú. Èémí tí a ti mí jáde lè máa yí po nínú rẹ̀, bí omi bá sì wọlé, kì í tètè ṣeé bọ́ bí ti kékeré.

Ìmòòkùn ọjọ́ kan, tí àwọn oní-Faransé ń pè ní baptême, yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ yín lẹ́yìn, olùkọ́ á di yín mú, ẹ ó sì jọ wọlẹ̀. Ní ìlànà Faransé, ẹni àkọ́kọ́ kì í kọjá mítà mẹ́fà. Ní ìlànà PADI, kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 12. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara níbẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ní mítà mẹ́wàá, omi tẹ èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó wà lójú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú etí á sún kì. Ẹ ní láti di imú kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ sínú etí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó máa dùn yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń dùn yín. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú kò lè ṣe èyí, kó má wulẹ̀ fi agbára mú un.

Òfin kejì ló le jù: ẹ má ṣe di èémí mú láé. Afẹ́fẹ́ tí ẹ mí sínú ní mítà mẹ́wàá á di ìlọ́po méjì bí ẹ bá dé òkè, ẹ̀dọ̀fóró tí a tì pa lè ya. Òfin kẹta jẹ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí a bá ń mí lábẹ́ omi, atẹ́gùn azote máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá tètè gun òkè òfuurufú, ó lè hó jáde bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo, ìmọ̀ràn àwọn tó ń tọ́jú òmòòkùn ni pé kí a dúró ó kéré tán wákàtí 12 ká tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kéré tán wákàtí 18. Nítorí náà, kí ọjọ́ omi yín má jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń ta ìrìn àjò ṣe máa ń fi ìmòòkùn méjì sí ọ̀sán, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú sí àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an.

Ìwé ẹ̀rí gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín euro 350 sí 500, ìyẹn nǹkan bí 230,000 sí 330,000 sẹ́fà. Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn lè mòòkùn dé mítà 18, káàdì náà sì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ayé. Bí kò bá dá yín lójú pé ẹ ó tún mòòkùn láàárín ọdún méjì, owó yẹn pọ̀ jù. Ẹni tó bá dá lójú, kó ka apá ìwé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kó tó gbéra: ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Faransé, á sì dá ọjọ́ kan padà fún yín ní etíkun.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan wà tí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn òyìnbó máa ń fi ìlà kan ṣoṣo kọjá, tó sì kan ilé wa ju ilé wọn lọ: drépanocytose, àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ mòòkùn pẹ̀lú àgbá. Òtútù àti òǹgbẹ nìkan tó láti dá ìrora sílẹ̀ fún un, nítorí náà bó bá fẹ́ túbà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó wá, fún àkókò kúkúrú, lẹ́yìn tó bá ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni AS lè mòòkùn, ṣùgbọ́n kó sọ fún dókítà kó tó lọ. Ikọ́ fée, wárápá, àìsàn ọkàn, iṣẹ́ abẹ etí: gbogbo rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù máa béèrè, ẹ má sì purọ́ sí fọ́ọ̀mù nítorí pé ẹ ti sanwó.

Ti irun ńkọ́? Irun tó bá wọ abẹ́ rọ́bà másíkì á jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ di irun dídì yín sẹ́yìn, kí iwájú orí mọ́ gedegbe. Irun ètè òkè tó gùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní in á ní láti fi fásẹ́línì díẹ̀ pa á lábẹ́ imú. Obìnrin tó ń bo ara kò ní ìṣòro: aṣọ rọ́bà bo gbogbo ara, fìlà rẹ̀ sì wà.

Dakar

Fún ẹni tó ń sọ Faransé, tó fẹ́ kọ́ ìmòòkùn dáadáa, Dakar ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ CEDEAO (ECOWAS) ni àwa àti Senegal, ẹ kò nílò físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Sẹ́fà kan náà la ń ná, kò sí ṣíṣẹ́ owó. ASKY, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ibùdó rẹ̀ wà ní Lomé, máa ń gbé èèyàn gba ọ̀nà yẹn. Lédè Faransé ni olùkọ́ á fi ṣàlàyé etí àti èémí fún yín, ẹ ó sì lè bi í ní ìbéèrè bí ẹ ṣe ń bi ẹ̀gbọ́n yín.

Àṣà ìmòòkùn ti pẹ́ níbẹ̀. Haidar El Ali, òmòòkùn tó ń jà fún ààbò òkun, tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ Océanium, ẹgbẹ́ àwọn òmòòkùn ní Dakar, di mínísítà ayika ní Senegal ní ọdún 2012. Nítòsí erékùṣù Gorée ni ọkọ̀ Tacoma wà lábẹ́ omi láti ìgbà ìjà Dakar ti ọdún 1940, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òmòòkùn ṣì ń lọ wò ó. Fún túbà, ẹ gba ọkọ̀ onígi láti Ngor kọjá sí erékùṣù rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tàbí kí ẹ lọ sí erékùṣù Madeleine, ọgbà ìjọba ni, níbi tí igi oṣè kò ti ga nítorí atẹ́gùn. Ará ilé tí kò fẹ́ rẹ omi lè lọ sí Gorée lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó wà níbẹ̀ láti rí kò mọ níwọ̀n, ẹ sì lè jọ jẹun lálẹ́.

Àbùkù rẹ̀: òkun Dakar kì í ṣe òkun iyùn, àpáta ló pọ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Karùn-ún, omi tútù ń rú sókè, ó sì lè bọ́ sí 18°C tàbí kó kéré sí i. Ẹja á pọ̀, ṣùgbọ́n omi á dà bí èyí tó ní àwọ̀ ewé, eyín yín á sì máa gbá ara wọn. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi á yan oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí òtútù kò tíì dé. Fọ́tò tí ẹ máa yà níbẹ̀ kò ní dà bíi ti Zanzibar. Ẹ̀kọ́ tí ẹ máa gbà á jù ú lọ, lójú tèmi.

Sal, ní Cabo Verde

CEDEAO náà ni, físà kò sí fún ìrìn àjò kúkúrú, ṣùgbọ́n ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti ìwé hótẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, torí wọ́n lè béèrè. Erékùṣù gbígbẹ ni, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, kò sì sí odò ńlá tó ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi mọ́. Santa Maria ni gbogbo nǹkan wà: etíkun, ilé ìmòòkùn, ilé oúnjẹ. Omi rẹ̀ máa ń wà láàárín 22 sí 27°C. Ìjàpá òkun ń gun etíkun wá yé ẹyin láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá. Ní erékùṣù Boa Vista tó wà nítòsí, àbùùbùtán máa ń wá bímọ ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Karùn-ún.

Owó ló ń dá mi dúró. Ìlú àlejò ni, oúnjẹ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń kó o dé, owó Euro ni wọ́n sì fi ń rò ó: escudo wọn so mọ́ euro bíi sẹ́fà tiwa, 110.265 sí euro kan. Láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó sábà gba Dakar kọjá, ẹ ó tún pààrọ̀ ọkọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi. Àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó ń lo túbà máa mu omi iyọ̀. Ẹni tí ó bá ti wà ní Dakar fún iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó, kó fi Sal kún un. Ẹni tó ń bọ̀ tààrà láti Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ omi kan, kó tún rò ó.

São Tomé

Lórí máàpù, òun ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn ibi tí omi ti mọ́ tí mo kà sílẹ̀ níhìn-ín, nínú Gulf of Guinea wa yìí gan-an. Àpáta òkè iná ló bí i, ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi jìn lójijì tí yanrìn kò sì rú omi rẹ̀ bíi tiwa. Lagoa Azul, ní àríwá, ni ibi túbà tó dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: etí omi ni ẹ ti máa wọlé, láìsí ọkọ̀. Ilhéu das Rolas ní gúúsù wà lórí ìlà tó pín ayé sí méjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ CEDEAO, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀, bí ẹyọ kan bá pẹ́, ọjọ́ méjì lè lọ. Ilé ìmòòkùn rẹ̀ kò pọ̀, èdè Potogí ni ìlú ń sọ. Ibi ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, tí ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ẹja àti kòkó. Fún ọjọ́ kan ṣoṣo, rárá.

Zanzibar

Èyí ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀: iyùn wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Mnemba, ní àríwá ìlà-oòrùn, ni ọkọ̀ túbà àti ti ìmòòkùn jọ ń lọ, omi rẹ̀ máa ń wà láàárín 25 sí 29°C. Ìṣòro Mnemba ni èrò: nígbà tí àlejò bá pọ̀, ọkọ̀ á kún, ẹsẹ̀ èèyàn ni ẹ máa rí ju ẹja lọ. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tó fẹ́ kí iyùn rẹ̀ dákẹ́, kó wo Chumbe, ọgbà iyùn tí àgbá afẹ́fẹ́ kò wọ̀ rárá. Túbà nìkan ni, ó sì wọ́n.

Ẹ mọ ti omi tó ń lọ tó ń bọ̀. Níbẹ̀, omi lè fà sẹ́yìn gan-an ní etíkun ìlà-oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń rìn jáde lọ tọ́jú oko ewé òkun wọn. Ẹni tó gba hótẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ yẹn tó rò pé òun á fò sínú omi nígbà tó bá wù ú, á bá ara rẹ̀ lórí àpáta ẹlẹ́gùn-ún. Nungwi àti Kendwa ní àríwá sàn, èèyàn lè wẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má lọ ní oṣù Kẹta sí Karùn-ún, òjò ńlá ni.

Ní ti ìwé: ẹ gbọ́dọ̀ ní káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, torí pé láti Benin ni ẹ ti ń bọ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Zanzibar tún ń gba owó ìbánigbófò dọ́là 44 lọ́wọ́ àlejò òkèèrè. Nairobi tàbí Addis Ababa ni ẹ sábà máa gbà kọjá, ìrìn àjò náà sì lè jẹ ọjọ́ kan ní àlọ, ọjọ́ kan ní àbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ tó ní ìbátan ní Ìkẹjà, tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò ní ìṣòro. Àwọn yòókù, ẹ béèrè olùkọ́ tó gbọ́ Faransé kí ẹ tó sanwó, ẹ má dúró dé etíkun. Fún Mùsùlùmí, ara á tù yín níbẹ̀: oúnjẹ halal ni, mọ́sálásí wà ní gbogbo ìkángun, wọ́n á sì retí kí ẹ bo ara bí ẹ bá wọ ìlú.

Òkun Pupa ti Íjíbítì ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ omi nìkan la ń wọn, òun ló borí gbogbo wọn. Ní Hurghada àti Sharm el-Sheikh, iyùn wà ní etí ilẹ̀, ìmòòkùn kò wọ́n, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú òmòòkùn tó bá fara pa sì wà nítòsí. Omi rẹ̀ a máa tutù tó 21°C ní oṣù Kejì. Ọ̀rọ̀ físà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, káàdì ibà pọ́njú náà wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ bi ilé ìmòòkùn pé èèyàn mélòó ni olùkọ́ kan máa mú wọlẹ̀ (fún ẹni àkọ́kọ́, méjì ti tó, ẹyọ kan ló dára jù), bóyá ọ́síjìn wà lórí ọkọ̀, àti ibi tí wọ́n á gbé ẹni tó bá fara pa lọ. Bí wọ́n bá ń yẹ ìbéèrè ọ́síjìn yẹn sílẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹ búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi àkàrà elépo sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìgbì kì í bá epo ṣọ̀rẹ́ nínú ikùn. Iyùn kì í ṣe òkúta, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dúró lé e.

Ta ni kó mú èwo

Ìdílé tó ní ọmọ kékeré àti ìyá àgbà, tí owó sì tó: túbà ní Nungwi, láìsí àgbá rárá. Bí owó kò bá tó, Ngor ní oṣù Kẹwàá, kí ẹ fi Gorée kún un.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ sọ ìmòòkùn di ìfẹ́ ọkàn: Dakar, ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ márùn-ún. Káàdì yẹn á wúlò fún un ní Zanzibar tàbí Òkun Pupa lọ́dún mìíràn, kò sì ní lo ọjọ́ Mnemba rẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi nù nínú másíkì.

Tọkọtaya tuntun tó ní ọ̀sẹ̀ kan tó sì fẹ́ ìdákẹ́jẹ́: São Tomé, bí ìwé bá gbà. Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé dé Dakar: Sal, ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹni SS, aboyún, ẹni tó ní wárápá: túbà nìkan, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹni tó ní wárápá, kó má dá wọ omi láìsí ẹni tó dì í mú.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí písìnì kò sí nítòsí yín, ẹ fi alẹ́ méjì ní Kútọnu kún ètò yín, kì í ṣe ọ̀kan: ọ̀kan fún ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan fún másíkì nínú písìnì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.